Gọ́ọ̀jì olówó pọ́ọ́kú fún igi gbígbẹ́: èwo ni ká rà, kí la ó sì fi pọ́n ọn?

Owó tí ẹ ó fi ra gọ́ọ̀jì (ṣísẹ́lì tí ojú rẹ̀ tẹ̀ kòtò) méjìlá inú àpò rọ́bà, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà, alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ lè gbà á kó fi rọ méjì péré fún yín. Méjì yẹn lèmi máa mú. Àmọ́ gbogbo èèyàn kọ́ ló sún mọ́ alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ kan sì wà tí irin alágbẹ̀dẹ kò bá mu. Ẹni tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ máa gbẹ́ ère kékeré lórí tábìlì ilé ìdáná, tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń gbẹ́ igi ìlù ní Ọ̀yọ́. Ẹ jẹ́ ká kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká yẹ̀ wọ́n wò.

Mi ò ní kọ iye náírà sílẹ̀ o. Iye tí mo bá kọ lónìí, kí ẹ tó dé ọjà, ó ti di ìtàn. Èyí tó wọ́n ju èkejì lọ ni màá sọ, àti ohun tí owó yẹn ń rà fún yín.

Nọ́ńbà ara rẹ̀, àti mẹ́rin tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ní

Gọ́ọ̀jì ni ṣísẹ́lì tí ojú rẹ̀ tẹ̀ kòtò láti igun kan dé èkejì. Ṣísẹ́lì káfíńtà tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá fi gbẹ́ inú abọ́, igun rẹ̀ méjèèjì á máa ha igi. Bí kòtò gọ́ọ̀jì ṣe jìn tó ni nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ń sọ. Nínú ètò Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà 3 fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ̀ rárá. Nọ́ńbà 5 àti 7 wà láàárín. Nọ́ńbà 9 ti di ìdajì òbìrí, nọ́ńbà 11 sì jìn débi pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dìde dúró. Nọ́ńbà 39 ni èyí tó ṣe ṣóńṣó bíi lẹ́tà V. Ilé iṣẹ́ Pfeil ti Switzerland ní ètò tiwọn tó yàtọ̀ díẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá ń ra ti ilé iṣẹ́ méjì, ẹ fi ojú wò ó, ẹ má gbára lé nọ́ńbà nìkan. Nọ́ńbà kejì tí ẹ máa rí ni fífẹ̀ ojú rẹ̀ ní mìlímítà.

Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ ère gbígbẹ́ ní lọ́dọ̀ tiwa, bí Fadá Kevin Carroll tó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 ṣe kọ ọ́ sílẹ̀: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Mo dárúkọ wọn torí pé òun ló ń sọ irin tí ẹ nílò. Nídìí ọnà lílé, níbi tí igi ti kọ́kọ́ ń gba ìrísí ère, àáké ni, àti àáké tí ojú rẹ̀ dá bùú bíi ti ọkọ́. Ẹ má fi gọ́ọ̀jì kankan dá ara yín lóró níbẹ̀. Àlétúnlé ni gọ́ọ̀jì tó fẹ̀ ti ń wọlé, tí a fi ń ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ọrùn, tí a fi ń wá ibi tí apá máa gbà. Dídán gba ọ̀bẹ, ó gba gọ́ọ̀jì tí kò tẹ̀ púpọ̀. Fínfín, níbi tí irun orí, ilà ojú àti ìlẹ̀kẹ̀ ti ń jáde, ni ti kékeré àti onígun V.

Nítorí náà: nọ́ńbà 5 tó fẹ̀ tó mìlímítà 20, nọ́ńbà 7 tó tó 14, nọ́ńbà 9 tàbí 11 tó tó 8, àti onígun V kan. Ẹni tó bá ní mẹ́rin yìí, tí ojú wọn mú, á gbẹ́ nǹkan tó pọ̀ kó tó di pé ó ń wá ìkarùn-ún.

Ibi mẹ́rin tí irin ti ń wá

| | Àpò ti Ṣáínà | Ti alágbẹ̀dẹ | Àlòkù Sheffield | Tuntun láti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà |
|---|---|---|---|---|
| Owó | ó kéré jù | ó kéré | àárín | ó wọ́n |
| Irin | ẹ fi sí oríire | ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ló wà | ó dáa | ó dáa |
| Iṣẹ́ kó tó lè gé igi | púpọ̀ | púpọ̀ | ìpata ló máa sọ | díẹ̀ |
| Ṣé ó gba òòlù? | rárá | dáadáa | bẹ́ẹ̀ ni | ẹ béèrè kí ẹ tó rà |
| Igi tó bá a mu | arère àti irú rẹ̀ | gbogbo igi | gbogbo igi | gbogbo igi |

*Àpò méjìlá.* Ẹ máa rí i lórí Jumia, ẹ máa rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin iṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà. Èèkù rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n fi rọ́bà bo ojú rẹ̀, àpò rẹ̀ sì máa ń wu ojú. Ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń gbà já èèyàn kulẹ̀. Àkọ́kọ́, irin rẹ̀ lè rọ̀ jù: ẹ pọ́n ọn, ó mú, ẹ gbẹ́ igi díẹ̀, ojú rẹ̀ tẹ̀. Èkejì, ó lè le jù, kí ojú rẹ̀ máa fọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ẹ̀kẹta ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ṣe é tún ṣe: inú kòtò rẹ̀ kún fún ilà tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀, ibi tó dà gẹ̀rẹ́ wá sí ojú sì kúrú jù, débi pé ńṣe ló ń fọ́ igi dípò kó gé e. Òǹtajà á fi "CR-V" tí wọ́n kọ sára rẹ̀ hàn yín, á ní "Ẹ̀gbọ́n, original ni o!" Èròjà inú irin nìyẹn ń sọ, ìyẹn chrome àti vanadium, wọ́n fi ń ṣe sípánà pẹ̀lú. Kò sọ ohunkóhun nípa bí wọ́n ṣe fi iná sí i, iná yẹn ló sì ń mú irin le.

Kì í ṣe pé kò wúlò o. Bí ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọṣẹ tàbí arère, ẹ rà á fún un. Bí ẹ kò bá tíì mọ irú kòtò tí ọwọ́ yín fẹ́, méjìlá yẹn á fi hàn yín, nítorí ẹ máa rí i pé mẹ́ta péré lẹ̀ ń mú jáde. Ó sì dáa fún kíkọ́ bí a ṣe ń pọ́n, torí kò ní dùn yín bí ẹ bá bà á jẹ́. Ẹ kàn má fi òòlù lù ú. Ìrù irin tó wọ inú èèkù yẹn kò gùn rárá.

*Alágbẹ̀dẹ.* Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Sípíríǹgì tó wà lábẹ́ mọ́tò, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń tò léra, irin tó dáa gan-an ni fún gọ́ọ̀jì. Ó ní káábọ̀nù tó pọ̀ tó láti le, kò sì le débi tí á fi fọ́ nígbà tí òòlù bá bà á. Ẹ lè rí àlòkù rẹ̀ rà ní Ládípò tàbí Owódé Onírin ní Èkó, tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, kí ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ fúnra yín. Mo fẹ́ràn kí n gbé irin lọ, torí bí ẹ bá ní kó wá irin fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ rọ́ọ̀dù ìkọ́lé ló sún mọ́ ọn jù. Rọ́ọ̀dù yẹn kò ní le láéláé, bó ti wù kí wọ́n rì í bọ omi tó.

Ẹ gé àjákù páìpù irin tí inú rẹ̀ rí bí ẹ ṣe fẹ́ kí kòtò gọ́ọ̀jì yín rí, ẹ mú un dání. Inú rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ á tẹ́ irin gbígbóná sí, á fi ọ̀pá irin roboto lé e, á wá fi owú lù ú títí yóò fi jókòó. Bí ẹ bá kàn fi ẹnu ṣàlàyé, ohun tó bá wù ú lẹ máa gbà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ ṣá o. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó mú un le, ẹ jẹ́ kí n fi fáìlì tún inú rẹ̀ ṣe." Ó lè wò yín bíi pé ẹ fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí ló máa gbà yín lọ́wọ́ làálàá ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí irin ṣì rọ̀, fáìlì lásán á jẹ inú kòtò náà, á dán, ẹ ó sì fún ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́ tí ẹ fẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti le, òkúta nìkan ló kù, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni iná. Ojú rẹ̀ á pọ́n títí mágínẹ́ẹ̀tì kò fi ní lè fà á mọ́, wọ́n á rì í bọ inú epo. Omi lè mú kí sípíríǹgì sán. Ẹńjìn ọ́ìlì tí wọ́n ti lò dáa jù. Bó bá jáde, ó le bíi dígí, ó sì lè fọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún fi iná díẹ̀ sí i láti ẹ̀yìn kí líle rẹ̀ dẹ̀. Ẹ ha ibì kan kó dán, ẹ máa wo àwọ̀ tó ń rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn síwájú. Nígbà tí àwọ̀ koríko gbígbẹ bá dé ojú rẹ̀, ní nǹkan bí 220 sí 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kíá, ẹ tì í bọ omi. Bí ẹ bá jẹ́ kó di búlúù, ó ti kọjá 290, kò ní dúró nínú ìrókò. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ àdá àti ọkọ́ lójoojúmọ́ máa ń jẹ́ kó di búlúù, torí àdá gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ díẹ̀ láìkán. Ẹ sọ fún wọn pé igi lẹ fẹ́ gbẹ́, kì í ṣe oko.

Ibi tí ti alágbẹ̀dẹ kù sí ni kékeré. Gọ́ọ̀jì mìlímítà 3, tàbí onígun V tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gún régé, ó ṣòro fún owú àti iná ẹwìrì láti mú jáde. Ti ńlá ni kí ẹ lọ rọ níbẹ̀: nọ́ńbà 5 àti 7 yín.

*Àlòkù Sheffield.* Èyí ni ti ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti agbègbè wọn, tàbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò níbẹ̀. Ní ọjà àlòkù òwúrọ̀ Sunday, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù láti bọ́ọ̀tù mọ́tò, tàbí lórí eBay, ẹ máa rí gọ́ọ̀jì àtijọ́ tí wọ́n tẹ orúkọ Addis, Marples, Ward & Payne tàbí Henry Taylor sí lára. Irin wọn dáa, ọwọ́ ni wọ́n fi rọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì fúyẹ́ lọ́wọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹyọ ẹyọ ni kí ẹ máa rà á. Èèkù tó ti là kò já mọ́ nǹkan kan, ẹ lè gbẹ́ òmíràn. Ìpata ló lè já mọ́ nǹkan: bó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan, ẹ máa pọ́n ọn kúrò, bó bá ti dá ihò kéékèèké sínú kòtò, tó sún mọ́ ojú, ẹ dá a padà, torí gbogbo ihò yẹn ló máa di eyín lójú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń pọ́n ọn lọ. Ẹ wo bó ṣe gùn tó pẹ̀lú. Ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń mú le, kì í dé ìdí.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá sílé, inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni kó fi sí. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá fi sínú báàgì ọwọ́.

*Tuntun.* Narex ti ilẹ̀ Czech ló dínwó jù nínú àwọn tó ṣeé fọkàn tán; ẹ máa ní láti parí pípọ́n rẹ̀ fúnra yín. Flexcut ti Amẹ́ríkà tín-ín-rín, ó máa ń fì díẹ̀, ó sì ti mú látinú páálí. Èyí tó ní èèkù àtẹ́lẹwọ́, títì ni ẹ ó máa tì í, ẹ má lù ú. Pfeil kò sí lára ohun olówó pọ́ọ́kú, mo kàn dárúkọ rẹ̀ torí pé ẹni tó bá lo ẹyọ kan ṣoṣo á mọ ohun tí ojú tó mú jẹ́, á sì máa fi wọn ìyókù. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ máa rà ní tuntun, ẹ jẹ́ kó jẹ́ onígun V. Òun ló ṣòro jù láti rọ, òun ló ṣòro jù láti pọ́n, òun náà sì ni àpò méjìlá máa ń bà jẹ́ jù.

Ẹ̀bùn kan tún wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Agbòjò tó ti bàjẹ́: ẹ wo àwọn ọ̀pá tín-tìn-tín tó na aṣọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni inú rẹ̀ ṣófo bíi lẹ́tà U, tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ. Ẹ gé e, ẹ pọ́n orí rẹ̀, ẹ kì í bọ èèkù onígi. Gọ́ọ̀jì kékeré fún irun ère dé nìyẹn. Ìṣó kọ́ńkéré náà máa ń di ṣísẹ́lì kékeré tó le koko, bí ẹ kò bá ti jẹ́ kó gbóná nígbà tí ẹ ń pọ́n ọn.

Lọ́wọ́ òǹtajà

Ẹ mú fáìlì kékeré sápò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òǹtajà, ẹ fi fà á lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn irin náà, nítòsí ojú. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, tó ń dún bíi pé orí dígí ló wà, irin ti le. Bó bá jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ìṣó, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ wá di èèkù rẹ̀ mú sójú kan, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn síwájú: ṣé irin àti èèkù wà lórí ìlà kan náà? Ẹ wo ojú rẹ̀ láti iwájú: ṣé nínípọn rẹ̀ dọ́gba lápá ọ̀tún àti òsì? Èyí tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ nípọn ju èkejì lọ kò ní pọ́n dọ́gba láéláé. Òrùka irin gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn èèkù, kó má baà là.

Kí lẹ ó fi pọ́n ọn?

Àwọn kan á ra irin tó dáa, wọn ò ní ra ohun tí wọ́n á fi pọ́n ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gọ́ọ̀jì Switzerland wọn kò ní yàtọ̀ sí ti àpò méjìlá. Ẹ pín owó yín sí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Sáńpépà dúdú tó ń gba omi, irú èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò, ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí táìlì tàbí dígí, láti nọ́ńbà 220, tó rí gbàgùdù, lọ sí 400, 800, títí dé 1500, tó kúnná jù. Fífà sẹ́yìn nìkan lẹ ó máa fà á. Bí ẹ bá tì í síwájú, á ya pépà. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ó máa ń tètè tán, nígbà tí ẹ bá fi máa ṣírò owó rẹ̀ lópin ọdún, òkúta ì bá ti dínwó jù.

Òkúta dúdú ojú méjì tí àwọn alápatà ń lò wà káàkiri ọjà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè tẹ̀ kòtò. Ẹ fi ojú kan rẹ̀ sílẹ̀ fún gọ́ọ̀jì nìkan, ẹ fi ìkejì pọ́n ọ̀bẹ àti ṣísẹ́lì. Òkúta Japan tó ń gba omi dùn lọ́wọ́ fún ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Gọ́ọ̀jì á kàn walẹ̀ sínú rẹ̀ ni, ẹ máa kábàámọ̀ owó yín. Èmi á mú irin pẹlẹbẹ tí wọ́n da dáyámọ́ńdì sí lójú, 400 lápá kan, 1000 lápá kejì. Ti Ṣáínà rẹ̀ kò wọ́n, kò ń tẹ̀, ó ń jẹ irin tó le, omi lásán ló fẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o, torí dáyámọ́ńdì ojú rẹ̀ á re dànù.

Ẹ̀rọ ìpọ́n oníná, tó ń yí tó 2,900 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá ni. Ẹni tó bá ní àpò méjìlá tí ojú wọn kúrú, tó fẹ́ fún wọn ní gẹ̀rẹ́ tuntun, kò sí ohun tó yá jù ú lọ, bí iná bá wà. Ìka yín gbọ́dọ̀ wà nítòsí ojú irin náà, láìwọ ìbọ̀wọ́. Bí ìka bá ti gbọ́ ooru, ẹ rì í bọ omi. Bí ojú rẹ̀ bá di búlúù, líle ibẹ̀ ti lọ, ẹ gbọ́dọ̀ pọ́n gbogbo ibi búlúù yẹn dànù kí ẹ tó rí irin gidi padà. Àwọn tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri àdúgbò, ẹ má fún wọn ní gọ́ọ̀jì yín. Ọwọ́ wọn yá, ọ̀bẹ ọbẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Bí a ṣe ń pọ́n ọn

Ojú gọ́ọ̀jì ni ibi tí gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn àti inú kòtò ti pàdé. Bí ọ̀kan bá dán tí èkejì rí gbàgùdù, ojú kò mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi fáìlì tún inú rẹ̀ ṣe kó tó le.

Gẹ̀rẹ́ tí igun rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n (degree) 20 sí 25 ló bá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mu. Ẹ kò nílò ohun èlò láti wọ̀n ọ́n: bí irin náà bá nípọn mìlímítà 3, kí gẹ̀rẹ́ rẹ̀ gùn tó mìlímítà 7 sí 9. Bó bá jẹ́ mìlímítà 6 péré, ó ti tó ìwọ̀n 30, èyí sì dáa fún igi líle àti òòlù, kò dáa fún títì pẹ̀lú ọwọ́.

Ẹ fi máàkà dúdú kun gbogbo gẹ̀rẹ́ náà. Ẹ gbé e lé òkúta tàbí irin dáyámọ́ńdì yẹn, lójú 400, kí èèkù rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ó dá òkúta náà ní bùú. Ẹ máa mú un lọ mú un bọ̀ lórí gígùn òkúta, kí ọrùn ọwọ́ máa yí i bó ṣe ń lọ, láti igun dé igun. Ẹ gbé e sókè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ wo dúdú tó kù. Bó bá kù sí etí ojú, ẹ gbé èèkù sókè díẹ̀. Bó bá kù sí ẹ̀yìn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín ló funfun tí igun méjèèjì ṣì dúdú, ọwọ́ yín kò yí i tó. Bí igun bá sì ń di roboto, ẹ ń yí i kọjá ààlà. Igun tó ti yí roboto kì í mọ́ inú kọ̀rọ̀ ère mọ́.

Ẹ máa ṣe é títí ẹ ó fi fi èékánná gbọ́ irin fẹ́lẹ́ kan nínú kòtò, tó yí wọlé láti igun kan dé èkejì. Bí kò bá tíì wà ní gbogbo ojú, ẹ má bọ́ sórí 1000. Lẹ́yìn 1000, ẹ wé sáńpépà 1500 mọ́ ọ̀pá roboto tó bá kòtò náà mu. Bíírò tó ti tán dáa fún kékeré. Ẹ fi fà nínú kòtò láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, kí irin fẹ́lẹ́ yẹn lè kúrò.

Awọ ló kù. Ẹ lẹ awọ bẹ́líìtì àtijọ́ mọ́ pákó, ẹ fi ọṣẹ ìdánrin aláwọ̀ ewé pa á. Bí ẹ kò bá rí i, Brasso á ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún gọ́ọ̀jì, ohun kan wà tó dáa ju awọ lọ. Ẹ mú pákó arère, ẹ fi gọ́ọ̀jì náà gan-an gbẹ́ ipa kan sínú rẹ̀ ní gígùn, lẹ́yìn náà ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ pákó náà kó yọ gòǹgò bí inú kòtò rẹ̀ ṣe rí. Ẹ fi ọṣẹ ìdánrin pa méjèèjì. Ipa yẹn bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu régé, gòǹgò yẹn bá inú rẹ̀ mu, kò sí òmíràn tó máa bá a mu bẹ́ẹ̀. Fífà sẹ́yìn nìkan, bí ìgbà mẹ́wàá sí ogún.

Ẹ wá gbé ojú rẹ̀ síwájú fèrèsé. Ojú tó mú kì í hàn. Bí ẹ bá rí ìlà funfun tín-tìn-tín tó ń tàn, ibẹ̀ ṣì kú. Bó bá jẹ́ àmì kan ṣoṣo ló ń tàn, ibẹ̀ ti fọ́, ẹ padà sórí 400. Bí kò bá sí ohun tó ń tàn, ẹ fi gé arère ní ìdábùú, ní òdìkejì ibi tí iṣan igi gbà. Arère rọ̀, irin tó kú á ya á ni, ibẹ̀ á funfun gbàgùdù. Irin tó mú á fi ojú igi tó ń dán sílẹ̀, ìfági rẹ̀ á sì ká jáde láìfọ́.

Igi tí ẹ fẹ́ gbẹ́

Arère àti afàrà kò ní dá ojú irin yín lóró, ẹ lè lo ìwọ̀n 20. Ìrẹ̀ àti ọ̀mọ̀ náà gbẹ́ dáadáa, pàápàá nígbà tí omi ṣì wà lára wọn díẹ̀. Apá le, ẹ máa fẹ́ 25 ó kéré tán, àti òòlù onígi. Tíìkì ní iyanrìn tín-tìn-tín nínú ara rẹ̀ látilẹ̀, ó máa ń jẹ ojú irin bíi pé ẹ̀ ń gbẹ́ sáńpépà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí pákó ìdán yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́.

Ìrókò ni kí ẹ ṣọ́. Òkúta funfun máa ń dì sínú rẹ̀, nígbà mìíràn kékeré, nígbà mìíràn ó tó ìka, kì í sì í hàn láti ìta. Bí gọ́ọ̀jì bá ti dún gbàrà lójijì, tí ìfági tó ń jáde wá yà bíi pé nǹkan gé e sí méjì, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ wo ojú irin yín lójú fèrèsé kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ẹ fi ìṣó kọ́ńkéré yẹn yọ òkúta náà díẹ̀díẹ̀, ẹ má tún lo gọ́ọ̀jì níbẹ̀ títí ibẹ̀ á fi mọ́.